Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Iwájú Ikọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Bá Gbá, Kí Yẹ̀yẹ́ Yín Má Sì Tú Àṣírí Rẹ̀

Bí ọjọ́ ìdíje bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) ní Ifẹ̀, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gbá bọ́ọ̀lù. Họ́ọ̀lù Awo á ní họ́ọ̀lù Fájuyì ò ní wíńgà, Fájuyì á ní ariwo nìkan ni Awo mọ̀ ọ́n pa. Àwọn ọmọ Òfin á máa halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ Tẹkinọ́lọ́jì. Bó bá wá jẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ló ń bọ̀, láti géètì ni yẹ̀yẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yẹ̀yẹ́ nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ní láti ṣáájú rẹ̀: kí àwọn kan lọ jókòó, kí wọ́n wo bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń wá góòlù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ikọ̀ ló ń ṣe apá àkọ́kọ́ dáadáa, tí wọ́n á wá fi ẹnu ara wọn tú u ká fún alátakò kí ọjọ́ ó tó pé.

Kóòṣì ikọ̀ fákọ́tì, kápítẹ̀nì ikọ̀ họ́ọ̀lù, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rán lọ wo ikọ̀ mìíràn, yálà nínú kámpọ́ọ̀sì OAU níbí tàbí ní Iléṣà, la kọ èyí fún.

Àwọn tó máa lọ wò ó

Ẹ má rán ẹnì kan ṣoṣo. Ojú ẹni tó bá dá lọ á máa tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, bó ti wù kó kó ara rẹ̀ níjàánu tó. Ẹ rán èèyàn méjì. Ọ̀kan á máa wo ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti ibi tó gbé e gbà. Èkejì ò gbọdọ̀ wo bọ́ọ̀lù rárá. Àwọn tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́dọ̀ wọn ni tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹni kejì yìí ló le jù, òun náà ló sì ń mú ọ̀rọ̀ gidi bọ̀ wálé. Ẹni tó ti gbá ẹ̀yìn rí ni kí ẹ gbé e fún, torí ó ti mọ bí atamátàsé, ẹni iwájú tó ń wá góòlù, ṣe máa ń sápamọ́ sẹ́yìn ejìká èèyàn kó tó yọ.

Ẹ má wọ jẹ́sì ikọ̀ yín lọ. Ẹ má dúró níbi àga kóòṣì wọn. Bí ẹ bá pàdé ojúlùmọ̀ níbẹ̀, ẹ kí i, ẹ ṣeré, kí ìwé yín wà nínú àpò títí wọn ó fi fọn fèrè.

Ìdajì àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ní ọ̀gangan ìlà àárín, níbi tó bá ga jù. Bí kò bá sí àga onípele, ẹ wá òkìtì, ẹ wá àtẹ̀gùn ilé kan tó kọjú sí pápá. Láti òkè lèèyàn ti ń rí àlàfo tó wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá dúró nílẹ̀, ṣe ni wọ́n á dà bíi pé wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ní ìdajì kejì, kí ẹnì kan lọ sẹ́yìn òpó góòlù tí wọ́n ń kọlù. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ dé etí pápá, àti ẹni tó ń dé sí òpó ìkejì tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù ká a sílẹ̀, ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kó mú ó kéré tán ìdajì pápá lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì fà á súnmọ́ bọ́ọ̀lù. Fídíò tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. 720p ti tó. Bí ẹ bá lo 1080p fún 90 ìṣẹ́jú, ó lè jẹ tó 10 GB nínú fóònù, á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbi tí eré ti dùn jù. Ẹ gbé páwà báǹkì dání.

Ìwé tí ẹ máa kọ sí

Ẹ ya pápá náà sórí ìwé kó tó di ọjọ́ yẹn. Pápá tó pé jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti 68 ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n òfin gba pápá tó gùn láti 90 dé 120, tó sì fẹ̀ láti 45 dé 90, èyí ló fà á tí pápá kan ò fi jọ èkejì káàkiri Ọ̀ṣun. Ẹ fẹsẹ̀ wọn ti ibi tí ẹ ti máa gbá a. Ìgbésẹ̀ àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi mítà 0.75, nítorí náà, pápá tó fẹ̀ tó 68 á gba bí ìgbésẹ̀ 90. Bí tiyín bá jẹ́ ìgbésẹ̀ 75 péré, pápá yín fún, wíńgà tó ń sáré létí ò ní ráyè tó bó ṣe ń rí i nílé wọn. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ pín gígùn rẹ̀ sí mẹ́ta, bíi mítà 35 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá pín fífẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún nípa fífa ìlà àpótí ńlá àti ìlà àpótí kékeré gba gbogbo pápá kọjá. Ọ̀nà etí méjèèjì á fẹ̀ tó mítà 14 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjì tó tẹ̀ lé wọn, tí a ó pè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jẹ́ mítà 11 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àárín á jẹ́ mítà 18. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì yìí ni kí ẹ fojú sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn etí (agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ń ṣọ́ etí pápá) àti ẹ̀yìn àárín ti máa ń rò pé ẹnì kejì òun ló máa mú un.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ìdá mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ kọ ìlà kan: ìṣẹ́jú, iye góòlù nígbà náà, ibi tí wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù, nọ́ńbà àwọn tó kàn án, ọ̀nà tó gbà wọlé, bó ṣe parí. Fún àpẹẹrẹ: 34, wọ́n ń jìyà 0-1, àárín, 6 sí 10 sí 11, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òsì, ó gbá a síta. Ẹ má kọ ìtàn. Bí ẹ bá ń kọ gbólóhùn gígùn, ìkọlù mìíràn á ti wáyé kí ẹ tó gbójú sókè.

Ẹ má gbàgbé iye góòlù yẹn. Ikọ̀ tó ti jẹ méjì á fà sẹ́yìn, á máa gbá bọ́ọ̀lù gígùn. Ikọ̀ tí wọ́n nà á máa rọ́ gbogbo èèyàn síwájú. Bí ẹ bá da ìkọlù ìgbà méjèèjì pọ̀, ikọ̀ tí kò sí rárá ni ẹ máa múra dè.

Ibi tí ìkọlù wọn ti ń ṣẹ̀

Ọwọ́ aṣọ́lé wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni òfin ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ náà gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti ojú ilé nínú àpótí ńlá tiwọn, láìdúró kó jáde. Nítorí náà, àwọn ikọ̀ kan ti ń gbá a ní kúkúrú. Ṣùgbọ́n lórí pápá tó ní kòtò àti gegele, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ aṣọ́lé ṣì ń gbá a lọ síwájú gbọrọrọ.

Bó bá jẹ́ gígùn, gbogbo ènìyàn á máa wo ẹni gíga tó ń fò fi orí kàn án. Ẹ̀yin ẹ wo ẹni tó ń he bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí orí bá ti kàn án. Ẹ fi àmì sí ibi tó ń bọ́ sí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí i pé ibì kan náà ni, àti pé ẹnì kan náà ti ń sáré lọ síbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ aṣọ́lé. Ẹni yẹn ni kí ẹ dí lọ́wọ́. Bí ẹ bá rán ẹ̀yìn méjì lọ bá ẹni gíga fò, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó ń he é.

Bó bá jẹ́ kúkúrú, ẹ wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á, àti bí ara rẹ̀ ṣe dúró. Ẹlòmíì máa ń kẹ̀yìn sí iwájú, kò lè yí padà, ó ní láti dá a padà síbi tó ti wá. Ìgbà tí páàsì bá ń lọ sọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí atamátàsé tiyín sáré lé e. Ká ní ẹ sáré lé gbogbo wọn nígbà gbogbo ní oòrùn Ifẹ̀, ẹsẹ̀ yín á ti tán kó tó di ìṣẹ́jú 60.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn tó bá lọ wo eré: ìràwọ̀ wọn. Ẹni tí gbogbo èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ ló máa gba ojú yín. Nígbà tí ẹ bá ka ìwé yín lálẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò bo nọ́ńbà ìràwọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà kan náà bá ń jáde léraléra, ẹ ti rí orísun. Ó rọrùn láti dí orísun ju kí ẹ máa lé ìràwọ̀ káàkiri pápá lọ.

Wíńgà àti ẹni tó ń tì í lẹ́yìn

Ibí ni góòlù púpọ̀ ti ń wá nínú bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Bí ẹlẹ́sẹ̀ òsì bá ń gbá apá ọ̀tún, ó fẹ́ gé wọ inú láti fi òsì gbá a sílé. Bí ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún bá ń gbá apá ọ̀tún, ó fẹ́ dé ìlà ìparí, kó jù ú sínú àpótí. Àwọn méjèèjì ò gba ìdúró kan náà. Ẹni tó ń gé wọ inú, kí ẹ̀yìn etí yín dúró díẹ̀ sí ọwọ́ inú rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ sí i, kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dí ọ̀nà àárín, kí ó fún un ní etí pápá. Ẹni tó ń wá ìlà ìparí, ìta ni kí ó dúró sí, kó lé e wọ inú níbi tí ẹlòmíì ti ń retí rẹ̀. Nínú méjèèjì, kí ẹ̀yìn yín má já lu bọ́ọ̀lù. Wíńgà tó mọṣẹ́ ń dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá kúrò nílẹ̀ ni.

Ìbéèrè kejì: ìgbà wo ni ẹ̀yìn etí tiwọn máa ń gòkè kọjá lára wíńgà náà? Àwọn kan máa ń dúró kí wíńgà kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù dúró. Àwọn kan máa ń gòkè nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà ní apá kejì pápá, tí gbogbo ojú ti lọ síbẹ̀. Ẹni kejì yín, ẹni tí kì í wo bọ́ọ̀lù, ló máa rí èyí. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń gòkè, àlàfo ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìkọlù tiyín ti yẹ kó máa gbà padà.

Ìbéèrè kẹta, tí ọ̀pọ̀ ń fò: bọ́ọ̀lù tó ń jù sínú, ibo ló ń bọ́ sí? Òpó tó súnmọ́, òpó tó jìnnà, tàbí ó ń dá a sẹ́yìn sí etí àpótí ní nǹkan bíi mítà 12 sí 16 sí góòlù? Èyí tó ń padà sẹ́yìn yẹn ló burú jù, torí gbogbo ẹ̀yìn yín á ti máa sáré lọ sójú ilé. Bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ yan ẹnì kan láàárín tí kò ní wọ inú àpótí kékeré láé, ohun yòówù tó bá ń ṣẹlẹ̀.

Atamátàsé

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé bọ́ọ̀lù, á fi ẹ̀yìn ti agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn yín, á fi fún ẹni tó ń bọ̀. Èkejì ń dúró létí ọ́fúsáìdì, ó ń wá ọ̀nà láti yọ sẹ́yìn. Ẹni àkọ́kọ́, ẹ̀yìn àárín kan lè tẹ̀ lé e dé àyè kan, ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà sí i: bó bá kọjá ìlà àárín, kó fi sílẹ̀ fún àwọn ará àárín. Bí kò bá sí ìlà yìí, á fa ẹ̀yìn yín jáde, ẹni tó wọ 10 á sì gba ihò tó fi sílẹ̀ kọjá. Ẹni kejì, ẹ wo bó ṣe ń dúró: ní ejìká ẹ̀yìn wo? Ó sábà máa ń yan èyí tó lọ́ra jù. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fún ọjọ́ yẹn.

Kí ẹ sì kọ ẹsẹ̀ tó fi ń gbá a sílé, bóyá ó ń gbá a lójú ẹsẹ̀ tàbí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a dúró. Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a dúró, àyè wà láti dí i.

Kọ́nà, fíríkíìkì àti jíjù wọlé

Ẹ ya àpótí sórí ìwé kékeré fún kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn mélòó ló wọ inú? Ta ló dúró níwájú aṣọ́lé láti dí i lójú? Ta ló ń sáré láti etí àpótí? Ta ló dúró sẹ́yìn? Àmì ọwọ́ tí ẹni tó fẹ́ gbá a ń ṣe ṣe pàtàkì: ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ méjèèjì, tàbí kó fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀. Ẹ kọ àmì àti àbájáde papọ̀. Bí àmì kan bá bá àbájáde kan mu lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lè gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ pé ó ń họ ara rẹ̀ ni.

Fún fíríkíìkì tó súnmọ́, ẹ rántí pé ògiri yín ní láti jìnnà sí bọ́ọ̀lù ní mítà 9.15, àti pé láti ọdún 2019, bí ògiri bá ti tó èèyàn mẹ́ta, àwọn tiwọn ò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn ju mítà kan lọ. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n ń wọ inú ògiri, kí kápítẹ̀nì yín rọra sọ fún rẹfirí kí wọ́n tó gbá a.

Jíjù gígùn jẹ́ ohun ìjà ńlá ní bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ọ́fúsáìdì nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù wọlé, nítorí náà atamátàsé lè dúró síwájú aṣọ́lé yín gan-an. Ẹ mọ ẹni tó ń jù ú: òun ló máa ń rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, tó ń fi jẹ́sì nu bọ́ọ̀lù. Bó bá ti ń bọ̀, kí ẹnì kan dúró níwájú ẹni tí wọ́n fẹ́ jù ú sí, kí ẹlòmíì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni kẹta dúró níbi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí bí orí bá fi kàn án. Nígbà òjò, bọ́ọ̀lù tó tutù ń yọ̀ lọ́wọ́, jíjù náà kì í lọ jìnnà tó. Nígbà ọyẹ́, ó ń lọ.

Ohun tó ń sọ ìwé yín di asán

Eré kan ṣoṣo kò tó. Ẹ wo méjì, ó kéré tán, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n bá ikọ̀ tó lágbára gbá. Ikọ̀ tó na ikọ̀ aláìlera ní márùn-ún sí òdo kò fi ohunkóhun hàn yín ju pé wọ́n lè sáré lọ.

Ìdánwò ń yí ikọ̀ padà. Ikọ̀ tí ẹ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mẹ́sítà lè má ní ẹnì mẹ́ta nínú wọn mọ́ nígbà tí ìdánwò bá ti dé tòsí, àwọn ọlọ́dún ìkẹyìn pàápàá. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ikọ̀ náà ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ẹnì kan ń ṣe. Bí ọ̀nà kan bá jẹ́ ti kóòṣì wọn, ẹlòmíì á máa ṣe é.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Páàsì kúkúrú tó ń yọ̀ lórí pápá gbígbẹ á dúró sínú ẹrẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Bí òjò bá rọ̀ kí eré ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ohun tí ẹ kọ nípa bọ́ọ̀lù gígùn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Gbólóhùn mẹ́ta péré

Ìwé yín lè kún ojú ewé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta ni kí ẹ bá àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ. Ẹni tí wọ́n bá kó ohun mẹ́wàá lé lórí á dúró máa ronú nígbà tó yẹ kó sáré. Ó lè rí báyìí: "Nọ́ńbà 6 ló ń pín in, Túndé, ìwọ ni kó o dúró tì í. Wíńgà ọ̀tún wọn ń gé wọ inú, ẹ fún un ní etí. Kọ́nà wọn, ọwọ́ kan sókè, òpó tó súnmọ́." Ó parí.

Fún ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ẹ pè é sọ́tọ̀, ẹ bá a sọ nípa ẹni tó máa kọjú sí nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn tí kò ní bẹ̀rẹ̀ eré ṣe alátakò. Ẹ fún wọn ní bíìbù, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ti alátakò, kí wọ́n ṣe ìkọlù náà bó ṣe wà nínú ìwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní rírìn, kí gbogbo ènìyàn rí ibi tí wọ́n yẹ kó wà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní sísáré. Bí ẹ bá fo apá rírìn, wọ́n á kàn máa gbá bọ́ọ̀lù fúnra wọn ni, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ohunkóhun. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú eré ni kí ẹ ṣe é, níbi tí ojú èrò ò ti pọ̀.

Yẹ̀yẹ́: èyí tí ẹ lè sọ, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé mì

Òfin àkọ́kọ́: ohun tó wà nínú ìwé kì í jáde nínú yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá ti rí i pé wíńgà wọn kò lè lo ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí àwọn alátìlẹyìn yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, kóòṣì wọn á gbọ́. Ọjọ́ eré, á ti gbé e lọ sí apá kejì, iṣẹ́ yín á ṣòfò. Kí ìwé náà wà lọ́dọ̀ kóòṣì, kápítẹ̀nì àti àwọn méjì tó lọ wò ó. Kò gbọdọ̀ wọ orí WhatsApp tí gbogbo họ́ọ̀lù wà. Bí ẹ bá fẹ́ yin ẹnì kan nínú wọn ní gbangba, ẹ yin ẹni tí kò dẹ́rù bà yín.

Òfin kejì: ẹ máa gbọ́ yẹ̀yẹ́ tiwọn dáadáa. Ẹni tó ń fọ́nnu ń sọ̀rọ̀. "Ẹ dúró, ẹ ó rí kọ́nà wa" túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń fi kọ́nà ṣe nǹkan níbi ìdánrawò. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dun lágbájá" jẹ́ ìròyìn ọ̀fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè jẹ́ irọ́. Ẹ wádìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbóná ara.

Kí ni ẹ wá lè fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ìtàn, oúnjẹ àti oríkì, wọn ò lè tán láéláé. Bí ikọ̀ bá ti Iléṣà wá, ẹ sọ fún wọn pé: "Òṣómàáló, ẹ lóṣòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, a ò jẹ yín ní góòlù kankan." Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá gbọ́n á dáhùn pé: "Gbèsè tèṣí ṣì wà lọ́rùn yín, a wá gbà á ni." Wọ́n lè fi kún un pé ojúmọ́ mọ́ ní Ifẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti máa ṣú lónìí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún wọn pé iyán àárọ̀ ò tíì dà nínú wọn, kí wọ́n rọra sáré. Kò sẹ́ni tí inú máa bí.

Fún UI, ọdún 1948 wọn ló ń mú wọn gbéra ga. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin náà lẹ ó kọ́kọ́ relé." Ẹ múra sílẹ̀ fún èsì, torí òótọ́ ni pé Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀, ìyẹn OAU yìí, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí ó tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Wọ́n á ní: "Ẹ̀yìnkùlé wa la ti tọ́ yín." Ẹ dáhùn pé: "Ilé yẹn ló há, ọmọ ti ga ju òrùlé lọ." Yẹ̀yẹ́ tó ní òótọ́ nínú ló ń dun èèyàn, òun náà ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó kan ẹnu rárá. Ìyá ẹnikẹ́ni. Àbùkù ara. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Àwọn tó sin èèyàn wọn láàárín 1997 sí 2000 ṣì wà láyé, àwọn ọmọ wọn sì lè wà létí pápá yẹn. Ọ̀rọ̀ tàbí àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn: lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní họ́ọ̀lù Awo ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú ìyẹn nínú kámpọ́ọ̀sì yìí. Bí ẹnì kan nínú àwọn alátìlẹyìn yín bá gbé irú orin bẹ́ẹ̀, kí olórí orin gbé òmíràn lójú ẹsẹ̀ kí ó bo ti ẹni náà mọ́lẹ̀.

Àwọn tó wà nínú pápá, ẹ kìlọ̀ fún wọn lọ́tọ̀. Òfin 12 sọ pé èébú tàbí ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí jẹ́ káàdì pupa, ì báà jẹ́ sí alátakò tàbí sí rẹfirí. Kíkígbe láti fi da alátakò láàmú, irú bíi kí ẹ pariwo "Fi sílẹ̀!" sí i lẹ́yìn bí ẹni pé ẹ jọ wà nínú ikọ̀ kan náà, lè gba káàdì yẹ́lò. Kí yẹ̀yẹ́ wà létí pápá, kí ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdíje

Ẹ tètè dé, kí ẹni tó lọ wò wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gbóná ara. Ta ló di bándéèjì? Ta ló ń gbá fíríkíìkì? Ṣé wíńgà wọn wà ní apá tí ẹ mọ̀ ọ́n sí? Bí ohun kan bá yí padà, gbólóhùn kan ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ má tú gbogbo ètò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹ kàn fi ìwé wé ohun tí ẹ ń rí. Bí gbólóhùn méjì nínú mẹ́ta bá ṣì dúró, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ẹyọ kan péré ló dúró, kí kóòṣì pe kápítẹ̀nì nígbà tí eré bá dúró, kó sọ ohun kan tó yí padà fún un, kó jẹ́ kí ìyókù dúró di ìsinmi. Ní ìsinmi, ẹni tó wà létí pápá ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú méjì, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó máa mú ẹ̀sùn ara wọn wá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ẹ jẹ ni o, bóyá ẹ ta ọ̀mì ni, bóyá wọ́n nà yín ni, ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú ikọ̀ wọn, torí àwọn ni ẹ máa tún pàdé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé náà lé ẹnì kan lọ́wọ́ tí kò tíì fẹ́ jáde nílé-ẹ̀kọ́.